Dígí Tí Bàbá Wa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Tú

Onífọ́tò ni bàbá wa ní Ìkìrun. Iwájú ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Yàrá àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ya ènìyàn. Èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí kò ní fèrèsé, ni wọ́n ti ń fọ fíìmù. Èmi ni àkọ́bí wọn. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Inísà nígbà náà, ilé ọkọ mi kò sì jìnnà sí ilé bàbá mi, nítorí náà kò sí ọjọ́ kan tí mi kì í yà síbẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Àwa méjèèjì náà ni ìyá wa bí.

Ọmọ Òkukù ni ìyá wa. Wọn ò kọ́ iṣẹ́ fọ́tò, ṣùgbọ́n bí wọn ò bá sí nínú ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ kì í lọ déédéé. Àwọn ló ń tún gèlè àwọn obìnrin ṣe kí wọ́n tó jókòó síwájú kámẹ́rà, àwọn ló ń fi etí ìró wọn nu imú àwọn ọmọdé, àwọn ló sì ń pa àwọn ìyàwó tuntun tí ojú ń tì lẹ́rìn-ín títí ara wọn á fi balẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n ya àwọn fúnra wọn, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní, "Ẹ kọ́kọ́ ya oníbàárà. Èmi ò lọ síbì kankan." Ìwọ̀nba fọ́tò tí Bàbá yà wọ́n nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra wọn wà nínú páálí kan lókè àjà. Ìjì ṣí òrùlé ilé lọ́dún kan, òjò rọ̀ sórí páálí náà, gbogbo fọ́tò inú rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra wọn bí ẹ̀kọ tó dì. A ò rí ọ̀kan yọ níbẹ̀.

Kámẹ́rà ńlá onígi ni Bàbá ń lò, èyí tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ẹni tó ń ya fọ́tò á ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú kó tó ríran. Ní àsìkò òjò kan, nǹkan funfun kan bí òwú aláǹtakùn hù sínú lẹ́ǹsì rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn gbé tábìlì sí ìta lọ́jọ́ tí wọ́n tú u. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, wọ́n kó àwọn dígí inú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi òwú àti oògùn nù wọ́n, wọ́n sì tò wọ́n padà. Inú wọn dùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ì bá jẹ́ Ìbàdàn ni wọ́n gbé e lọ, wọn ì bá má rí i gbà títí ọdún á fi yí po. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ẹni tó bá dúró ní ìpẹ̀kun apá òsì nínú fọ́tò ẹlẹ́ni púpọ̀ kì í hàn dáadáa, pé àwọn ènìyàn ìsinsìnyí ò lè dúró jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá jókòó láàárín ń hàn kedere, àwọn yẹn ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá ya fọ́tò.

Ní ọdún 1989, ìyá ìyá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Òkukù, bọ́ lọ́wọ́ àìsàn kan tó fẹ́ mú wọn lọ. Ẹbí dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ní Òkukù. Àbúrò mi ti wà ní ìlú òyìnbó ní gbogbo àsìkò yìí. Ó kàwé nípa ìmọ́lẹ̀ àti dígí, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ níbẹ̀. Bàbá gbé kámẹ́rà náà sínú ọkọ̀ láti Ìkìrun. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa tò síwájú ògiri òkúta ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá Òkukù jókòó sáàárín. Ìyá wa ló tò wá. Wọ́n ti ọmọ yìí síwájú, wọ́n fa ti ọ̀hún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n sì parí, wọ́n sáré lọ dúró ní ìpẹ̀kun apá òsì, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu wọn.

Bàbá kígbe láti abẹ́ aṣọ dúdú pé, "Ìyá àwọn ọmọ, má mira o!"

Nígbà tí wọ́n fọ fọ́tò náà, gbogbo ènìyàn ló hàn àfi ìyá wa. Ojú wọn fẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó dàbí ògì tí wọ́n dà sórí àwo. Bàbá pòṣé.

"Mo sọ fún ọ kó o má mira."

"Mi ò mira, Bàbá wọn. Bóyá ẹ̀yin lẹ ò wò mí dáadáa."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín sí i. Bàbá ní àwọn á ya òmíràn fún wọn, ìyá wa ní kò sí wàhálà.

Wọn ò ya òmíràn náà. Àsìkò òjò ọdún kejì ni ìyá wa ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé, ibi tí wọ́n ti ń sá aṣọ. Ẹ̀jẹ̀ wọn ló ru. A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Òṣogbo, wọn ò sì bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Àbúrò mi gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ibẹ̀, kò rí i gbà lásìkò. A sin ìyá wa sí ẹ̀gbẹ́ ilé láìsí i níbẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ àwòrán tí a óò lẹ̀ mọ́ ògiri fún ìsìnkú, kò sí fọ́tò mìíràn. Ìyàwó onífọ́tò, kò ní fọ́tò. Èyí tí a yà ní Òkukù ni Bàbá gé ojú ìyá wa jáde nínú rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di ńlá. Bó ṣe ń tóbi sí i ló ń dàrú sí i. Ó wá dàbí ẹni tó ń wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀ omi. Àwọn àlejò á dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé àwọn nìyí?"

Bàbá á dá wọn lóhùn pé, "Àwọn ni. Wọ́n mira ni."

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún àlejò kìíní ni wọ́n sọ ọ́ fún èkejì. Kódà lẹ́yìn ìsìnkú, bí oníbàárà kan bá wọ ṣọ́ọ̀bù tó rí fọ́tò Òkukù náà lára ògiri, wọ́n á sọ ọ́. "Ìyàwó mi nìyẹn. Mo sọ fún un kó má mira, kò gbọ́." Ó ti di bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ìyá wa. Ìbínú kọ́ ni. Mo rò pé ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní ẹ̀sùn kékeré kan tí wọ́n lè máa fi kan ẹni tó lọ láìdágbére.

Nígbà ọyẹ́ ọdún 1993 ni àbúrò mi tó wálé. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti ń hewú níwájú. Kò wọ inú ilé rárá tó fi yà sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó kúnlẹ̀ sí ibi sàréè ìyá wa, kò sì dìde títí tí mo fi lọ fà á lọ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwa mẹ́ta jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá bi í léèrè ohun tó ti wà lọ́kàn wọn tipẹ́.

"Kí ni iṣẹ́ tí ò ń ṣe níbẹ̀ gan-an? Àwọn ènìyàn ń bi mí, mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

"Bàbá, iṣẹ́ fọ́tò náà ni."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín wọn.

Àbúrò mi ní, "Òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹ̀yin ń mú fíìmù kékeré, ẹ ń sọ ọ́ di àwòrán ńlá. Àwa ń mú àwòrán ńlá, a ń sọ ọ́ di kékeré. Àwòrán ọ̀nà tí iná mànàmáná máa gbà nínú kọ̀ǹpútà ni. Lẹ́ǹsì ló ń bá wa sọ ọ́ di kékeré títí ojú lásán ò fi ní rí i mọ́. Orí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó ń dán bíi dígí la ń tẹ̀ ẹ́ sí. Wọ́n ti fi oògùn kùn ún lójú, bíi bébà fọ́tò tiyín. Bí a bá tẹ ọ̀kan tán, a óò tún tẹ òmíràn lé e lórí, àti òmíràn. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jókòó síra wọn régí."

"Bí wọn ò bá jókòó régí ńkọ́?"

"A óò dà á nù ni."

"Ìwọ wá ń ṣe kí ni níbẹ̀?"

"Lẹ́ǹsì yẹn ni iṣẹ́ mi. Ó ga tó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ dígí ni wọ́n tò lé ara wọn nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá to agolo mílíìkì. Èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi là ń rí i pé gbogbo wọn dúró lójú ìlà kan. Bí ọ̀kan bá fì díẹ̀, tí fífì náà ò tó ìbú irun orí kan, àwòrán á bàjẹ́. Àmì tó yẹ kó rí róbótó á yọ ìrù bí ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ inú omi. Bí iṣẹ́ bá tún pọ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá á mú un gbóná, ojú rẹ̀ á sún kúrò níbi tí a fi í sí. A óò tún padà wọ̀n ọ́n. Aṣọ funfun la ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ nítorí eruku."

Bàbá wo eruku ọyẹ́ tó bo orí tábìlì wọn. "Ẹ ò lè ṣe é ní Ìkìrun nìyẹn."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ibi tí a ti ń rẹ́rìn-ín náà ni àbúrò mi ti gbójú sókè, tó rí fọ́tò Òkukù lára ògiri. Kò tíì rí odindi rẹ̀ rí. Ojú ìyá wa tí a gé jáde nìkan la fi ránṣẹ́ sí i. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó mú dígí kékeré kan tí ń sọ nǹkan di ńlá jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo fọ́tò náà láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń tàn bọ̀, bí ojú ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ ní ọ̀nà àjò.

"Bàbá, Ìyá ò mira."

"Kí lo wí?"

"Wọn ò mira rárá. Ẹ wo ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn. Lápá ọ̀tún níbí, gbogbo òkúta rẹ̀ ló hàn, títí kan ìlà tó wà láàárín wọn. Ẹ wá wo ẹ̀yìn Ìyá. Òkúta ti dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ṣé ògiri náà mira ni? Ẹ tún wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yọ ìrù, ibì kan náà ni gbogbo ìrù náà kọjú sí. Lẹ́ǹsì ni. Dígí kan ló fì nínú rẹ̀. Ẹni kan ti tú lẹ́ǹsì yìí rí, kò tò ó padà bó ṣe yẹ."

Mo ti ń ṣẹ́jú sí i tipẹ́, ṣùgbọ́n orí fọ́tò ni ojú rẹ̀ wà. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló tó gbórí sókè.

Bàbá ní, "Èmi ni."

"Bàbá, mi ò mọ̀..."

"O ò ṣe nǹkan kan. Òótọ́ lo sọ."

Wọ́n dìde, wọ́n gba ẹ̀yìn jáde. A rò pé ilé ìyàgbẹ́ ni wọ́n lọ. Nígbà tó yá, a gbọ́ ohùn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, mo sì sún mọ́ fèrèsé. Wọ́n dúró síbi sàréè ìyá wa, fìlà wọn wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyá àwọn ọmọ," ni wọ́n ń sọ, "ìwọ kọ́ lo mira. Èmi ni mo ba ojú rẹ jẹ́, tí mo tún ń purọ́ mọ́ ọ kiri. Má bínú."

Àbúrò mi ti wà lẹ́yìn mi, ó gbọ́ ọ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Ó fi orí ti ògiri, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Bàbá kó àwọn páálí fíìmù wọn kalẹ̀. Gbogbo fọ́tò ẹlẹ́ni púpọ̀ tí wọ́n ti yà láti ọjọ́ tí wọ́n ti tú lẹ́ǹsì ni wọ́n ń wò, apá òsì nìkan ni wọ́n ń wò. Ìyá arúgbó kan láti Èkó Ẹndẹ. Ọ̀rẹ́ ìyàwó kan. Ọmọ ilé-ìwé kan tó gbé àwo ẹ̀bùn dání. "Èyí ti kú," ni wọ́n á sọ nígbà mìíràn, wọ́n á sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àbúrò mi ní tirẹ̀ wà nínú yàrá òkùnkùn. Ó kọ́kọ́ gbìyànjú láti tún fọ́tò Òkukù tẹ̀ láti inú fíìmù rẹ̀. Ó gbé bébà sókè lápá kan, ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lápá kejì, ó dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó tún fi kún un. Ojú ìyá wa ò kúrò bó ṣe wà. Mo bi í bóyá ẹ̀rọ tó wà níbi iṣẹ́ wọn lè ṣe é.

"Rárá, Àǹtí mi," ó ní. "Ìmọ́lẹ̀ tó tọ́ ò dé orí fíìmù náà rí. Kò sí nǹkan tí ẹ̀rọ máa rí níbẹ̀."

Ó wá kọjú sí lẹ́ǹsì náà. Ó fi abẹ́rẹ́ lu ihò kékeré sí ara bébà dúdú kan, ó gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bí àmì ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń jáde nínú lẹ́ǹsì. Ó ní kí n wá wò ó. Lóòótọ́ ló yọ ìrù. Ó tú u, ó yí dígí kan díẹ̀, ó fi bébà dídán inú páálí sìgá gbé e lẹ́sẹ̀ sókè, ó dè é, ó tún wò ó. Bẹ́ẹ̀ ló ń tú u tó ń dè é lójoojúmọ́, títí àmì náà fi di róbótó. Ó pe Bàbá. Bàbá ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, wọ́n wo ìta títì fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì yọ orí jáde.

"Ó dára. Ó dára gan-an."

"Ẹ jókòó, kí n yà yín."

"Fi sílẹ̀."

"Bàbá, ẹ̀rọ tó tó yàrá yìí la fi ń wọ̀n ọ́n níbi iṣẹ́ wa, síbẹ̀ à ń ṣi í ṣe. Ẹ̀yin, ojú lásán àti sukudiráfà lẹ fi ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín tó báyìí."

Bàbá na ọwọ́, wọ́n fi aṣọ dúdú bo kámẹ́rà náà. "Dígí kọ́ ló ń dùn mí. Ẹnu mi ló ń dùn mí. Ìyá yín ní òun ò mira. Mi ò gbà á gbọ́."

Kí àbúrò mi tó padà, Bàbá ní kí a jọ lọ sí Òkukù. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Màmá Òkukù bí ìgbà tí wọ́n ń tọrọ ìyàwó, wọ́n sì rò ó fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Màmá gbọ́ ọ tán. Ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà.

"Ṣé ìyẹn ló gbé ọ wá láti Ìkìrun?"

"Òun ni, Màmá."

"Nígbà tí ọmọ mi wà láyé, ṣé o rí i dáadáa?"

Bàbá gbórí sókè níbi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí. "Mo rí i, Màmá."

"Dìde. Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Àbúrò mi padà síbi iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ ń lọ. Bàbá ò ya ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ ní Òṣogbo ti ń gba oníbàárà wọn tẹ́lẹ̀, nítorí náà àwọn ènìyàn rò pé àìrójà ló jẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù. Wọn ò sọ ohun mìíràn fún ẹnikẹ́ni. Bí mo bá dé láti Inísà lọ́sàn-án, mo máa ń bá wọn lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, wọ́n á bi mí nípa àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo sì máa ń sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe fún wọn. Wọ́n kú lójú oorun ní ọdún 1996. Àbúrò mi bá ìsìnkú yìí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá wa la sin wọ́n sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, èmi àti àbúrò mi lọ kí Màmá Òkukù, tó ti sin ọmọ, tó tún rí òkú àna. Nígbà tí à ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Inísà, àbúrò mi kọjú sí mi.

Ó wá ní, "Àǹtí mi, níbi iṣẹ́ mi, bí lẹ́ǹsì kan bá bàjẹ́, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá sọ ohun tó ṣe é. Mo máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú àwọn tó dúró yí mi ká. Mo máa ń bi ara mi pé ta ló tò ó."

"Ìwọ kọ́ lo pa Bàbá."

"Mo mọ̀. Àmọ́ inú mi dùn nígbà tí mo rí ohun tó ṣe lẹ́ǹsì Bàbá. Ẹ ò rí i? Inú mi dùn gan-an."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí ẹsẹ̀ mi. Awakọ̀ dúró ní Inísà, ó ń pe èrò Ìkìrun, obìnrin kan wọlé pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì, a sún fún un.